Ìrìn Àjò Mi sí Ìlú Ọ̀gbẹlẹ̀, Níbi tí Wọ́n Ti Ń Di Iná Sínú Agolo

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, kó jẹ ẹ́ tán kí n tó la ẹnu, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi etí kan gbọ́. Ẹ kó fóònù yín sí àpò. Ohun tó wà nínú ikùn fóònù náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì dáa kí á máa sọ̀rọ̀ ẹni lójú ẹni.

Èmi Àwẹ̀ró ọmọ Ọdẹ́kúnlé ni mò ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, kó bi ẹni tó jókòó tì í. Èmi ni obìnrin tó gba ìbọn lọ́wọ́ baba rẹ̀ nígbà tí àwọn ọkùnrin ilé ń fi ọwọ́ di etí. Mo pa ẹfọ̀n nínú ẹrẹ̀. Mo pa àmọ̀tẹ́kùn lórí igi. Mo bá ìmàdò fà á títí ó fi gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìtìjú. Ògúnníran, mo rí ọ tí o ń rẹ́rìn-ín. Ìwọ tí o ti ń ṣọdẹ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ ti hù, ọ̀kẹ́rẹ́ kan tó kú fúnra rẹ̀ nìkan ni mo tíì rí lọ́wọ́ rẹ.

"Ìyá Ọdẹ, ẹ má pa irọ́ mọ́ mi," ni Ògúnníran wí. "Ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn kò kú fúnra rẹ̀. Ó rí mi ni, ẹ̀rù ló pa á."

Ó dáa. Ẹ rẹ́rìn-ín nísinsìnyí. Ẹ̀rín kì í pẹ́ tán nínú ìtàn yìí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí láyé. Àkànkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Láṣebìkan àgbẹ̀ ló fẹ́ ẹ, ẹ mọ̀ ọ́n, ó wà lóko báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ìtàn yìí. Ní àkókò tí mò ń wí, odò kan wà lẹ́yìn abà wa, Atérè ni à ń pè é. Kì í ṣe odò ńlá. Ewúrẹ́ tó bá láyà lè fò ó. Ṣùgbọ́n òun ni gbogbo wa ń mu, òun ni ìgalà ń mu, òun ni àwọn ọmọdé ń wẹ̀ kí wọ́n tó wá purọ́ pé àwọn kò débẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn àjèjì kan dé. Wọ́n rí òkúta funfun ní ẹ̀gbẹ́ òkè wa, òkúta tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja. Wọ́n ní ìlú kan wà lọ́nà jíjìn tí wọ́n ti ń fi irú òkúta bẹ́ẹ̀ ṣe ilé fún iná, tí iná á fi máa gbé inú nǹkan kékeré bí ọmọ ṣe ń gbé inú ìyá rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ òkè náà. Wọ́n fi ọ̀pá omi fa Atérè kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, wọ́n fi ń fọ òkúta. Omi tó bá ti fọ òkúta yẹn kì í padà wá ní omi mọ́. Ẹrẹ̀ ló máa ń dà, kò sì sí ajá tó máa ń lá a. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ fi dákẹ́. Ẹ̀yin kò mọ bí ìdákẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ ti burú tó. Ọdẹ mọ̀ ọ́n.

Mo wà nínú igbó lọ́jọ́ tí Àkànkẹ́ lọ. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ibi tí òkúta yìí ń lọ, ẹni tó ni ín wà níbẹ̀. Màá lọ bẹ̀ ẹ́ kó fi omi wa sílẹ̀. Bá mi bẹ ìyá mi kí wọ́n má bínú pé n kò dúró dè wọ́n." N kò bínú. Ta ló ń bínú sí ọmọ kan ṣoṣo? Ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó tó lọ.

Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò mìíràn tún rọ̀. Àkànkẹ́ kò dé. Láṣebìkan wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà mi.

"Ìyá, ẹ bá mi wá a. Àgbẹ̀ ni mí. Bí mo bá wọ igbó yẹn, èmi náà sọnù nìyẹn, ẹ ó wá máa wá ènìyàn méjì."

Mo ní, "Dìde nílẹ̀. Lọ tún ilé rẹ ṣe. Màá mú ìyàwó rẹ bọ̀ wá fún ọ."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ẹnu mi ló ti jáde.

Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò ọdẹ, mo fi kèrègbè omi kọ́ èjìká, mo sì tẹ̀lé eruku funfun tí òkúta náà ń dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn iwin tí mo pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọ̀kan ní ojú ní àtẹ́lẹwọ́. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ata ọwọ́ mi kó sí i lójú, ó sá lọ. Ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn sílẹ̀, eré ni.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi ti kọ́kọ́ wúwo ni Pápá Iyọ̀. Ilẹ̀ náà funfun títí ojú fi ń ro mí. Kò sí koríko, kò sí ẹyẹ, kò sí èèrà. Obìnrin kan jókòó láàárín rẹ̀, láti ìbàdí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ẹja ni. Ìpẹ́ ara rẹ̀ ń ṣí bọ́ bí èèpo igi gbígbẹ. Ìyá Oníyọ̀ ni orúkọ rẹ̀.

Mo kí i. Mo ní, "Ìyá, kí ni ẹni tó ní ìrù ẹja ń ṣe lórí ìyàngbẹ ilẹ̀?"

Ó ní, "Adágún mi ni o tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn. Wọ́n fa á jáde lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ síta bí ẹni ń sá èlùbọ́. Oòrùn mu omi rẹ̀, wọ́n gbá ohun tó kù lọ. Wọ́n ní ó wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ilé fún iná. Mo jókòó, mò ń retí kí wọ́n rántí pé ènìyàn ń gbé inú rẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi ọ̀nà hàn mí. Ó ní n kò ní kọjá láìtú àlọ́ rẹ̀. "Ìkòkò kékeré kan, iná kún inú rẹ̀. Kò jó ẹni tó gbé e. Kò jó ẹni tó ń jẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó mọ ọ́n ló jó. Kí ni?"

Mo ní àdògán ni. Ó ní rárá. Mo ní àtùpà ni. Ó ní rárá. Èmi tí mo ń tú àlọ́ fún àwọn àgbà láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, mo dúró níbẹ̀ bí ìyá ewúrẹ́. Ó wò mí, àánú mi ṣe é.

"Máa lọ," ó ní. "Kò sí ẹni tó mọ ìdáhùn rẹ̀ tí inú rẹ̀ tún dùn mọ́. Jẹ́ kí inú tìrẹ ṣì dùn díẹ̀ sí i."

Mo kọjá, mo wọ Igbó Èéfín. Igbó ni wọ́n ṣì ń pè é, ṣùgbọ́n kùkùté ló kù níbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n mi ò rí ọwọ́ ara mi. Mo gbọ́ ohùn kan tó dún bí òkè tó ń ya lulẹ̀.

"Ta ló ń tẹ eérú mi?"

Ajẹgbómáyó ni. Bí ẹ kò bá tíì rí i rí, ẹ dúpẹ́. Ó ga ju ọ̀pẹ tí wọ́n gbé lé ọ̀pẹ. Ẹnu rẹ̀ jẹ́ iléru. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń ju igi sẹ́nu, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń bu èédú dúdú tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀, òkúta wa sì ń yan nínú ikùn rẹ̀, ó ń bú tà-tà-tà bí àgbàdo nínú agbada. Ọ̀pọ̀ igi ló gbé mì kí ìwọ̀nba òkúta kan tó jinná.

Mo ní, "Èmi Àwẹ̀ró ni. Ọmọ mi ni mò ń wá. Kí ni gbogbo èyí tí o ń jẹ wà fún?"

Ó ní, "Kí iná ilé yín má baà rú èéfín ni. Ẹ ní ẹ kò fẹ́ èéfín mọ́, ẹ ní iná tó mọ́ lẹ fẹ́. Ṣé ẹ rò pé èéfín máa ń kú ni? Bí wọ́n bá lé e ní ilé kan, á wá ilé mìíràn. Ọ̀dọ̀ mi ló wá."

Ó ní bí mo bá fẹ́ kọjá, kí n wá fín iná fún òun. Mo di ẹwìrì rẹ̀ mú, mo ń fín in, awọ ọwọ́ mi bó, mo ń fín in. Àwọn ọkùnrin yín ò lè fín in débẹ̀. Ògúnníran á ti kú síbẹ̀ kó tó gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kejì. Síbẹ̀ Ajẹgbómáyó kò yà fún mi. Ó ní, "Wọ́n ní ọdẹ ni ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn ọdẹ. Sun ìjálá fún mi."

Mo sun ún. Mo ní:

Ẹtu, ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín tí ń rìn bí ìyàwó tuntun,
Ó gbọ́ ìró ewé, ó sá,
Ó gbọ́ ìró àyà ara rẹ̀, ó tún sá.
Ọ̀bọ tó jókòó sórí ìrókò bíi baálé,
Tí ń bá òjò jà pé kí ló dé tó rọ̀ láìsọ fún òun.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú afẹ́fẹ́. "Orí mi ni ọ̀bọ yẹn máa ń jókòó sí," ó ní. "Ìrókò ni mí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá bá wọn jẹ igbó yòókù, àwọn á dá tèmi sí. Mo jẹ, mo jẹ, títí mo fi jẹ tèmi mọ́ ọn. N kò mọ ìgbà tí mo jẹ ẹ́."

Oje igi ń ṣàn lójú rẹ̀, iná sì ń jó o kó tó balẹ̀. Ó gbé apá sókè. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìlú Ọ̀gbẹlẹ̀ wà. Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Mo ti rí ìlú tó mú omi lọ́tàá. Odi rẹ̀ funfun, kò ní fèrèsé. Fáànù tó tóbi ju ilé lọ ń fa ìrì kúrò nínú afẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru, gbogbo iná tí Ajẹgbómáyó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń lò sí i. Bí mo ti ń sún mọ́ ẹnu ibodè, ètè mi ń là. Wọ́n gba kèrègbè mi, wọ́n da omi rẹ̀ nù síta. Wọ́n nù mí gbẹ bí abọ́, wọ́n fi aṣọ funfun bò mí, ojú mi nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀.

Baálẹ̀ Ọ̀gbẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wá pàdé mi. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Arúgbó tín-ín-rín ni, ohùn rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ.

"Ìyá, ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹ má bínú pé a kò fún yín lómi. Èèwọ̀ wa ni. Ohun tí à ń ṣe nínú ilé yìí, ẹ̀kán omi kan ló ń sọ ọ́ di iná. Èémí ẹni tó ń ti òde bọ̀ pàápàá ní omi nínú, nítorí náà a ó di ẹnu yín, ẹ kò sì ní ṣí i títí ẹ ó fi jáde."

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ọmọ yín kò ṣe ẹrú. Ó bẹ̀ wá kí á dá odò yín padà. A ní kó bá wa ṣe èyí tó wà nílẹ̀ yìí parí, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kì í làágùn, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí iṣẹ́ bá ti parí, a ó fi Atérè sílẹ̀. Ìyá, òní ni ó ń parí. Ẹ jọ máa lọ ni."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí. Òní ni ó ń parí. Inú mi dùn dé ibi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọbẹ̀ tí mo máa sè fún un.

Wọ́n di ẹnu mi, wọ́n mú mi wọlé. Ilé náà gùn bí ọ̀nà oko. Àwọn ènìyàn tò síbẹ̀, funfun láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ń ká awẹ́ fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹní, wọ́n ń kì í bọ inú agolo kékeré, wọ́n ń lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Wọ́n á rọ iná sí i títí á fi kún, wọ́n á tú u jáde, wọ́n á tún rọ ọ́ sí i, bí ẹni ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń jẹun. Iná tí wọ́n dà nù níbi ẹ̀kọ́ yẹn ìbá tan gbogbo abà wa. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé bátìrì ni. Irú èyí tó wà nínú àpò yín yẹn.

Ojú ni mo fi dá a mọ̀. Ojú yẹn ni mo kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ tí mo bí i. Ó rí mi, ó fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lè sọ̀rọ̀, nítorí èémí tiwọn ti gbẹ.

"Ìyá mi. Ẹ̀yin lẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn wá."

Mo fi orí dáhùn.

"Láṣebìkan ńkọ́? Ṣé ó ṣì máa ń gbé iṣu ka iná kó wá lọ sùn?"

Mo fi orí dáhùn. Ojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Mo ti parí, Ìyá mi. Ẹ wo èyí tó kẹ́yìn, mo ti lẹ̀ ẹ́ pa. A máa lọ báyìí." Ó wá wo ojú mi dáadáa. "Ojú yín ti jìn wọnú. Wọn ò fún yín lómi."

Ẹ̀yin mọ àṣà wa. Àlejò kì í rojọ́ kó tó mu omi. Bí wọ́n bá sì gbé omi fún àlejò tó kọ̀ ọ́, ìjà ló gbé wá. Ó yí ẹ̀yìn sí tábìlì rẹ̀, ó fi ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó sì yọ àdó kékeré kan jáde, ìda ló fi dí i lẹ́nu.

"Omi Atérè ni," ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Mo bù ú lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé. N kò tọ́ ọ wò láti ìgbà náà. Ẹ gbà, ẹ fi tu ọ̀fun."

Mo mi orí pé rárá.

Ó wò mí títí. "Ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi ni, Ìyá mi? Pé n kò dúró dè yín?"

Mo tún mi orí. Ẹ̀yin ènìyàn, kí ni ènìyàn lè fi orí nìkan sọ? Rárá tí mo wí ni pé n kò bínú. Rárá tó rí ni pé n kò gba omi lọ́wọ́ òun. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ń fi bẹ̀ ẹ́. Ó rò pé mo ń lé òun sẹ́yìn ni.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi," ó ní. "Ẹ rin gbogbo ọ̀nà yìí kí n má lè fún yín lómi mu? Ẹ gbà á, kí n lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán láàárín wa."

Ó mọ òfin ilé náà jù mí lọ. Ó ṣọ́ra bí ẹni tó gbé ẹyin. Agolo tirẹ̀ ti wà ní lílẹ̀ pa, ó sì jìnnà sí i. Kò mọ̀ pé ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ awẹ́ tuntun sílẹ̀ ni. Ó ṣí ìda náà. Èmi ni mo kọ́ ọ pé ọmọbìnrin kì í fi ìdúró gbé omi fún ìyá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó sì kúnlẹ̀. Bó ti ń kúnlẹ̀, omi náà mì, ó sì dà.

Ẹ̀kán kan ni.

Iná náà funfun. Kò rú èéfín, kò pariwo. Ó gbéra láti orí tábìlì náà, ó gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ yẹn, ó sì bo Àkànkẹ́. Mo ya aṣọ ẹnu mi, mo pe orúkọ rẹ̀, mo pe oríkì rẹ̀, mo ní n kò bínú, n kò bínú sí ọ rí. Àwọn ènìyàn fà mí sẹ́yìn. Mo bẹ̀ wọ́n lómi kí n fi pa iná náà, wọ́n ní omi á tún mú un le sí i. Èyí tí mo rí kẹ́yìn ni ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣì na àdó náà sí mi.

Níta, Baálẹ̀ Ọ̀gbẹlẹ̀ jókòó sílẹ̀ tì mí nínú eruku. Ó ní, "Bí omi bá kù nínú ojú wa, à bá bá yín sunkún." Ó gbé agolo kékeré kan fún mi, èyí tí Àkànkẹ́ lẹ̀ pa kẹ́yìn. "Èyí ò bàjẹ́. Yóò tan iná fún yín fún ọdún púpọ̀."

N kò fi ọwọ́ kàn án. Mo ní, "Atérè ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Àdéhùn wa ni kí iṣẹ́ parí, Ìyá. Ẹ rí i pé ilé náà jó."

Ìbọn mi tí mo fi sílẹ̀ lẹ́nu ibodè ti padà sí ọwọ́ mi. Èmi tí mo pa ẹfọ̀n. Mo wò ó, mo wo arúgbó náà, mo wo àwọn ènìyàn funfun tí wọ́n ti ń gbá eérú ilé náà jáde kí wọ́n lè tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹran tí mo lè yin ìbọn sí níbẹ̀. Bí n bá mọ ẹni tí mo lè yìn ín sí, ẹ̀yin náà kò ní jókòó fi ọkàn balẹ̀ báyìí.

Mo padà. Nígbà tí Ajẹgbómáyó rí i pé èmi nìkan ni, ó pa ẹnu dé. Èéfín dúró. Mo rí ojú ọ̀run láàárín igbó yẹn, ó mọ́ bí ojú ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà àwọn kan pariwo láti ẹ̀yìn odi pé òkúta ti tán lọ́wọ́ àwọn, ó sì tún la ẹnu rẹ̀. Ní Pápá Iyọ̀, Ìyá Oníyọ̀ wo ojú mi, kò bi mí ní àlọ́ kankan. Ó gbé ìrù rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà fún mi. N kò rí omijé sun títí mo fi kọjá ibẹ̀; ìlú yẹn ti fa tèmi náà gbẹ.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé abà. Láṣebìkan ti tún ilé ṣe lóòótọ́. Ó ti rẹ́ ògiri, ó ti pààrọ̀ koríko orí ilé ìdáná. Ó rí mi lókèèrè, ó dìde, ó ń bọ̀ wá pàdé mi. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ láti ojú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ dáadáa ni, bí àgbà ṣe ń sọ ọ́. Ó gba ìbọn lèjìká mi, ó gba àpò, ó ń wo ojú ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ kú ìrìn. Ṣé ó ń rọra bọ̀ lẹ́yìn ni?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò wó. Mo ní, "Láṣebìkan, èmi nìkan ni."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Ó sì dúró síbẹ̀, ó ń wo ọ̀nà náà.

Ẹ lè dìde o. Ìtàn mi ti dé ilé. Ẹni tí mo lọ mú ni kò dé. Láṣebìkan máa tó ti oko dé, ẹ má bi í ní nǹkan kan. Ọmọ dáadáa ni. Kò sí àárọ̀ kan tí kì í wá kí mi, òun ló ń la igi fún mi, òun ló ń pọn omi láti ọ̀nà jíjìn wá fún mi. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹ wò ó dáadáa, kì í wo ojú mi. Ẹ̀yìn mi ló máa ń wò.